Ẹ̀rọ Tí Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ìṣó mẹ́jọ ni wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé ìdáná àjọ kan ní Tanke, ní ìlú Ìlọrin, kọ́ọ̀pù méje ni ó sì ń fì lára wọn. Husseinat fi ojú kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èèwọ̀ nínú kí èèyàn ka kọ́ọ̀pù. Orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìṣó tirẹ̀. Abẹ́ ìkẹjọ nìkan ni ó ṣófo.

“Ẹni tí a bá mú ló máa ni ìyẹn, Àǹtí,” ni Moṣọpẹ́ wí, ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń mójú tó ètò náà. “Kálukú ló ń mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá. Tábìlì kẹjọ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Iná kì í lọ níbí, sólà là ń lò. Àmọ́ kí n má tàn yín o, ariwo pọ̀. Bí àwọn méje yìí bá bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wọn, ẹ ò ní lè gbọ́ ohun tí ẹ ń rò.”

“Ariwo ò ṣe nǹkan,” ni Husseinat dáhùn. Kò sọ fún un pé ariwo náà gan-an ni òun ń wá bọ̀.

Àjọ náà kì í ṣe ti èrè. Lọ́dọọdún ni ó ń ṣa obìnrin mẹ́jọ jọ, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá tún ohun kan ṣe ní àdúgbò wọn, tí ó sì ń fún wọn ní tábìlì, olùkọ́, àti ọdún kan gbáko láti jókòó pọ̀ ṣiṣẹ́. A ti mú méje. Obìnrin méjì péré ni ó kù tí wọn yóò jọ du ìkẹjọ: Husseinat, àti ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Miracle. Ọjọ́ Àlàmísì ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó.

Nígbà tí Husseinat ń padà lọ sílé, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Ipata, ó kọjá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń já iṣu, ó sì ra kọ́ọ̀pù tánganran kan, aláwọ̀ búlúù tí etí rẹ̀ funfun. Irú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa fi ń mu kókó kí ike tó gba ìgboro. Ó ní kí ìyá tí ó tà á fún òun bá òun fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa.

“Ṣé ẹ̀bùn ni, Àǹtí?”

“Rárá o, tèmi ni.”

Ilé rẹ̀ wà ní Pákátà, ilé amọ̀ àtijọ́ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Yàrá rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá mọ ilé náà nígbà tí agboolé ṣì ń jẹ́ agboolé yóò rántí pé kò sí ẹni tí í fi òkèlè sí ẹnu níbẹ̀ láì kọ́kọ́ wí pé “Bìsìmílà, ẹ wá jẹun,” kì í sì í pẹ́ tí ọwọ́ mẹ́fà, ọwọ́ méje yóò fi pàdé nínú àwo kan náà. Àwọn àbúrò bàbá kọ́lé sí Gáà-Àkànbí, wọ́n kó lọ. Àwọn ìyàwó ilé tẹ̀lé ọmọ lọ sí ìdálẹ̀. Àwọn àgbà lọ sí ibi tí àgbà ń lọ. Husseinat fúnra rẹ̀ ti gbé ilé ọkọ rí fún ọdún mẹ́jọ. Kò rí ọmọ bí, ọkọ náà sì fi pẹ̀lẹ́tù kọ̀ ọ́, ó ra ẹrù ìkẹyìn fún un, ó sì bá a pe ọkọ̀ tí yóò gbé e padà. Sàídù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní Àbújá, ń pè é lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun.

“Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà ni.”

“Alhamdulillahi.”

Ó tán nìyẹn títí di Jímọ̀ mìíràn.

Orúkọ rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù fún ẹni tí ó bá ní òye. Husseinat kì í wáyé lóun nìkan. Hassanat ni ó ṣáájú rẹ̀ jáde ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyá wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n láéláé. Bí àlejò bá wí pé, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pẹ̀lẹ́,” ìyá yóò dá a dúró kíá: “Sọ pé ẹ̀yin ọmọ. Má kà wọ́n fún mi.” Nígbà tí Hassanat lóyún ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àṣà kan náà ni wọ́n fi pa á mọ́: a kì í pariwo oyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ fún ọjọ́ méje, ojú rẹ̀ ń ṣú. Àwọn ìyá àdúgbò ní ìbejì ni yóò bí, pé bẹ́ẹ̀ ni oyún ìbejì ṣe ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó wí fún wọn pé ilé ìwòsàn ni ẹsẹ̀ wíwú pẹ̀lú orí fífọ́ ń pè. Àti òun àti oyún inú rẹ̀ ni wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà ni Husseinat kò ti lè ka ohun ẹlẹ́mìí kankan. Bí ó bá kan kí ó ka èèyàn, ahọ́n rẹ̀ yóò dúró.

Ọdún méjìlá ni ó fi tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tanke. Ọ̀kan nínú wọn gbé iṣẹ́ ìwádìí wá lọ́jọ́ kan, lórí bí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ṣe lè máa pe èèyàn lórí fóònù kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bí Husseinat ti ń tẹ̀ ẹ́, ó rí ibi tí ó ti wọ́. Ó lọ ka ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún un tò, ó sì ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gba oyè, kò padà wá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kù sí ìka obìnrin tí ó tẹ ìwé.

Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí ó ti fi ìmọ̀ náà kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Aboyún kan, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́hàá tí kì í jáde ní ọ̀sán, yóò fìlàṣì nọ́ńbà kan. Ẹ̀rọ yóò pè é padà, ohùn Husseinat yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìlọrin: ohun tí oṣù karùn-ún ń fẹ́, oúnjẹ tí ó yẹ, ìrora tí a lè fara dà àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fi òru kan dúró dè. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè yóò sọ ọ́ sílẹ̀, Husseinat yóò sì dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Inú Fóònù ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ó mọ ojú rẹ̀.

Kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ọkọ gbógun: ta ni ó ń jókòó síbì kan tí ó ń ka oyún ilé àwọn? Nígbà náà ni Husseinat ṣe ohun tí kò sí olùkọ́ ẹ̀rọ tí ó lè kọ́ ọ. Ó tò ó kí ẹ̀rọ náà má ṣe kà. Bí obìnrin bá ti bímọ láyọ̀, yóò tẹ oókan, ẹ̀rọ yóò sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó sì fi ohùn rẹ̀ ṣe ìkíni tí yóò máa ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀:

“Àsàlámù àlékún. Ohùn yìí kì í ka aboyún, kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun fẹ́ mọ iye yín, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, ẹ má dá a lóhùn.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn fìlàṣì fún ìyàwó ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé obìnrin tí ó bá wàhálà nìkan ni Husseinat ń gbúròó rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ̀ á tẹ oókan, a sì pàdánù rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ gbogbo ní Ìlọrin ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níta.

Nínú fọ́ọ̀mù àjọ náà, ìbéèrè kẹsàn-án ni pé: obìnrin mélòó ni ó ti jàǹfààní, ọmọ mélòó ni a ti bí? Husseinat kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.”

Moṣọpẹ́ pè é ní ọjọ́ Àtìní.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ‘wọ́n pọ̀’ kì í ṣe iye.”

“Òótọ́ ni mo kọ, Moṣọpẹ́.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, kò mọ òótọ́ tí kò ní nọ́ńbà lára. Ẹ wò ó, ẹ kọ ẹgbẹ̀rún méjì. Àfojúdá ṣáá ni. Ta ni ó máa kà á?”

“Àfojúdá ọmọ èèyàn?” Husseinat rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwọ náà bi ara rẹ: ta ni ó máa kà á?”

Moṣọpẹ́ mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ọ̀nà mìíràn nìyí. Ẹ ní kí àwọn obìnrin náà fìlàṣì ní agogo mọ́kànlá ọjọ́ Àlàmísì, nígbà tí ẹ bá wà níwájú ìgbìmọ̀. Kí fóònù máa dún. Wọn á gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara wọn, wọn ò ní béèrè ìwé.”

Èyí tẹ́ Husseinat lọ́rùn. Òun kọ́ ni yóò kà. Agogo fóònù ni yóò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó gba ìpè tuntun sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ: “Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, kí gbogbo ẹni tí ohùn yìí bá ti wúlò fún fìlàṣì lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn tí ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lè mọ iye yín. Ẹ sọ fún àwọn tí wọ́n ti bímọ pẹ̀lú.” Ó fi í sẹ́yìn ìkíni, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí kì í gbọ́ ìkíni náà mọ́. Ta ni í jókòó tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀?

Ní ọjọ́ Àlàmísì, ó wọ aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi kọ́ọ̀pù sínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lára, ó sì lọ.

Miracle ni ó kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ọmọ náà mọ iṣẹ́: ó ti ṣe ohun kan tí ń jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ mọ iye tí iṣu ń lọ ní Ipata kí wọ́n tó di ẹrù sọ́kọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ni àwòrán. Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí Adéníyì, olórí ìgbìmọ̀, ń mi orí bí ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé.

Nígbà tí ó kan Husseinat, ó ṣàlàyé dáadáa. Ó sọ ti Hassanat ní gbólóhùn méjì, kò fi ẹkún sí i. Lẹ́yìn náà ni ó gbé fóònù kalẹ̀ láàárín tábìlì.

“Ní agogo mọ́kànlá,” ni ó wí, “ẹ ó gbọ́ wọn.”

Agogo mọ́kànlá lù. Gbogbo wọn ń wo fóònù bí ẹni ń wo ẹyin tí ó fẹ́ pa. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní ìta, ọlọ́kadà kan ń bá èrò jà.

“Ṣé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, màdáámù?” ni Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì béèrè, kò sì fi ìkà béèrè.

“Nẹ́tíwọ̀kì wà, sà.”

Ìṣẹ́jú keje, fóònù dún. Husseinat fò mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ohùn tí ó jáde wá ni ti ilé-iṣẹ́ fóònù: bí ó bá fẹ́ kí orin aládùn máa dún sí etí àwọn tí ń pè é, kí ó tẹ oókan. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Husseinat nawọ́ mú fóònù rẹ̀, ó dà á dé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì jókòó.

Moṣọpẹ́ sìn ín dé ojú títì. Kò sí ìdí láti dúró gbọ́ èsì. Ó hàn lójú ọmọbìnrin náà.

“Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí.”

“Kí ni o ṣe? Ìwọ kọ́ ló yẹ kó fìlàṣì.”

“Ẹ tún wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Moṣọpẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ gbọ́ o. Kóòdù ìlà kan péré ni. Ẹ fi sínú ẹ̀rọ yẹn lónìí kó máa kà wọ́n jẹ́jẹ́. Wọn ò ní mọ̀. Tó bá máa fi di ọdún mìíràn, ẹ ti ní nọ́ńbà yín. Ẹ dẹ̀ ti ní tábìlì.”

Husseinat wo ojú rẹ̀. Kò sí ibi nínú ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó sì wọ kẹ̀kẹ́.

Kò bínú sí àwọn obìnrin náà. Ohun tí ó ṣe é burú ju ìbínú lọ. Bí kẹ̀kẹ́ ti ń kọjá Pósọ́fíìsì, ó ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti ka òun sí ẹnikẹ́ni. Ohùn ni òun. Ta ni í dìde nítorí ohùn? Òun náà kì í kí agogo tí ó bá jí i.

Ó kírun Màgàríbì nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ó sì kọ ìlà náà. Òótọ́ ni Moṣọpẹ́ sọ. Kò gùn ju èyí tí ènìyàn lè kọ lórí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tí ó kù ni kí ó tẹ bọ́tìnnì kan kí ìlà náà lè wọ inú ẹ̀rọ náà. Ó rántí tábìlì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì náà.

Fóònù fìlàṣì.

Ẹ̀rọ ti pe ẹni náà padà kí Husseinat tó gbé ojú sókè, ọ̀rọ̀ kan sì ti wà nílẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí. Ohùn arúgbó ni, ó ń pariwo bí ẹni tí ń pe ọkọ̀ láti òkèèrè.

“Ìyá Inú Fóònù! Ummu Kulthum, ṣé kí n máa sọ̀rọ̀? Ó ní kí n máa sọ. Ó dáa. Ọmọ mi, èmi ni ìyá ọkọ Ummu Kulthum ní Òkèlele. A gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí o wá sọ fún wa, pé wọ́n fẹ́ mọ iye wa. A ti mọ̀ pé wọ́n fipá mú ọ ni, torí ìwọ fúnra rẹ lo kìlọ̀ fún wa níbẹ̀ yẹn náà pé ká má dá wọn lóhùn. Láti àárọ̀ ni mo ti gba fóònù gbogbo àwọn ìyàwó ilé, mo jókòó lé e lórí. Mo ní kí wọ́n sọ kiri agboolé. Kò sí ẹni tó fìlàṣì, ọkàn rẹ balẹ̀. Kò sí ẹni tó rí wa kà, kò sì ní sí ẹni tó máa rí ìwọ náà kà. Ṣé wọ́n ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?”

Husseinat fúnra rẹ̀ fìlàṣì nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, ó sì gbọ́ ìkíni tí kò tíì tẹ́tí sí láti ọdún mẹ́fà wá: bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, ẹ má dá a lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ohùn kan náà, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún iye. Ó bo ojú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni ó ń rín.

Fóònù tún fìlàṣì. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ní Adéta: “Ẹ má bínú, Ìyá, ọkọ mi ní kí n má dá àwọn olè yẹn lóhùn. Ṣé ẹ wà ní àlàáfíà?” Òmíràn: “Àwa ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni o.” Òmíràn ti bímọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ ti gbàgbé rẹ̀, òun kò gbàgbé, ọmọ náà ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń béèrè bóyá ilé tí Ìyá Inú Fóònù ń gbé ní ilẹ̀kùn tí ó dára. Títí tí wọ́n fi pe ìrun Ìṣáà ni wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n ti pa fóònù wọn láti òwúrọ̀ nítorí rẹ̀.

Nígbà tí fóònù dákẹ́, Husseinat padà sí ìlà tí ó kọ. Ó pa á rẹ́ ní lẹ́tà lẹ́tà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, títí ojú ewé fi funfun. Ó mọ ohun tí ó pa rẹ́: ọdún mìíràn yóò dé, ìbéèrè kẹsàn-án yóò sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó jókòó tí ó ṣe ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí Hassanat ti kú. Ó ka ohun tí ó ti ẹnu èèyàn wá. Kò ka èèyàn. Ìbéèrè ni ó ń kà, èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí a bi í nítorí rẹ̀. Ṣé o ti jẹun? Ọ̀kan. Ṣé ẹ wà ní àlàáfíà? Èjì. Ṣé ilẹ̀kùn yín dára? Ẹ̀ta. Ó fi ìka kà á dé ìparí, ó sì tún un kà kí ó lè dá a lójú. Mọ́kànlá ni.

Ó tú kọ́ọ̀pù búlúù náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó fọ̀ ọ́, ó sì po gàárì sínú rẹ̀, nítorí kò sí ohun mìíràn nílẹ̀. Nínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlá náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì wí sókè, bí àwọn ará ilé náà ti í wí látijọ́, pé, “Bìsìmílà, ẹ wá jẹun.”

Ó dúró díẹ̀, bí ó ti yẹ kí èèyàn dúró. Lẹ́yìn náà ni ó mu gàárì rẹ̀, ó fa fóònù mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn.

“Ìyá Òkèlele,” ni ó wí, “mo ti jẹun.”